Mo Kọ “Iya ti ko”, Mi Ò Fi Àmì Sí I

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fi da ayé àwọn tó tọ́ mi dàgbà rú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò gbé ohùn sókè. Fóònù ni mo fi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo sì mu omi tutù lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni alárinà láàrin iléeṣẹ́ tó ń fẹ ọ̀nà èbúté àti àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà náà. Èbúté wa ti dàgbà ju ọ̀nà tó wọ̀ ọ́ lọ. Tírélà lè tò fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọlé, débi pé àwọn awakọ̀ a máa fọ aṣọ, wọn a sá a sára kọ̀ntéínà, aṣọ a gbẹ, wọn a wọ̀ ọ́, tírélà ò ní tíì sún. Ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì péré ń gbà ni wọ́n fẹ́ sọ di ti ọkọ̀ mẹ́fà. Ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló gbọ́dọ̀ kúrò. Èmi ni mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí mo ń ṣàlàyé, tí mo ń gba èébú, tí mo sì ń gba ìfọwọ́sí.

Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Àǹtí mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, torí láti kékeré ni mo ti ń bá wọn kọ ìwé sí àwọn oníbàárà wọn. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá mi kú, àwọn àti ọkọ wọn ló gbà mí tọ́. Wọn ò bímọ. Wọn ò fi ìgbà kankan sọ ọ́ sí mi létí pé èmi kọ́ ni wọ́n bí.

Tapólì ni Àǹtí ń rán, èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí tírélà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tóbi tó àpótí aṣọ, iwájú ilé wọn ni wọ́n sì ti ń rán an. Ìyá Tapólì ni gbogbo awakọ̀ mọ̀ wọ́n sí. Ọkọ wọn, tí mò ń pè ní Bàbá, ti wa kireni ní èbúté fún ọgbọ̀n ọdún kí rọpárọsẹ̀ tó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì wọn. Láti ìgbà náà, ìta ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Awakọ̀ tó bá ń kọjá a fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá a na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ìyẹn nìkan ló kù tó ń mú inú wọn dùn lójoojúmọ́.

Ilé wọn ni ilé kọkànlélọ́gọ́ta.

Ẹnì kan ṣì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń wa katapílà. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ló máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wó ilé. Òótọ́ ni o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń kàn án, á sì pe onílé. Kò sì ní fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan àyàfi tí mo bá ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

“Akọ̀wé, mi ò gba ti ẹnu o,” ló máa ń wí. “Ariwo ẹ̀rọ yìí pọ̀ jù. Kọ ọ́ ránṣẹ́ kí n fojú rí i.”

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí onílé bá ti kó ẹrù jáde tán, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ báyìí: “Ile 14 ti ko.” “Ile 32 ti ko.” Mi ò fi àmì kankan sí i. Ta ló ń ráyè fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Tí ẹnì kan bá yarí, “Won o gba” ni mo máa ń kọ. Kò rú u lójú rí.

Ọjọ́ tí mo mú ìwé lọ bá Àǹtí, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n wà. Wọn ò dá iṣẹ́ dúró.

“Níbo ni wọ́n fún wa?” ni wọ́n bi mí.

“Àwọn ilé tuntun ẹ̀yìn ọjà ni, Àǹtí. Omi wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní.”

“Mo ní níbo, Akọ̀wé. O ti bẹ̀rẹ̀ sí polówó fún mi.”

“Àjà kẹta ni.”

Ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n wo ọkọ wọn lórí àga, wọ́n wá wò mí. “Ta ni yóò máa gbé bàbá rẹ gòkè? Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn yìí? Tí wọ́n bá ti gòkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé o rò pé wọ́n tún máa sọ̀kalẹ̀ mọ́?”

Mo ní yàrá ìsàlẹ̀ kan wà tí wọn ò tíì parí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

“Ó dáa náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é. Mi ò bá ọ̀nà yín jà o, àwọn oníbàárà mi ló máa gbà á. Àtẹ̀gùn ni mi ò lè gùn. Mi ò ní fọwọ́ sí àjà kẹta. Lọ sọ fún wọn pé mo kọ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu wọn ló ń rẹ́rìn-ín. “Kọ̀,” ni àwọn náà wí, ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wọn. “Ó kọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo jẹun níbẹ̀ kí n tó lọ.

Ẹnjiníà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ nígbà tí mo jíṣẹ́ náà fún un. Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ mẹ́wàá sí i, àwọn ọ̀gá láti olú iléeṣẹ́ àti àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fẹ́ rí ọ̀nà tó tẹ́ lọ gbọrọgbọrọ láti ìkòríta dé ẹnu ọ̀nà èbúté. Nígbà yẹn, ọgọ́ta ilé ti wó. Ilé Àǹtí nìkan ló yọ síta bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó.

Ẹnjiníà pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

“Akọ̀wé, wọ́n ní kí n dárúkọ ẹni tó máa jẹ́ olórí ọ́fíìsì agbègbè. Orúkọ rẹ ló wà lọ́kàn mi.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Má tíì dúpẹ́. Wọ́n máa bi mí pé ẹni tí kò lè bá àǹtí tirẹ̀ sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ bá aráàlú sọ̀rọ̀? Kí ni kí n fún wọn lésì?”

Ó ń wo ìwé lórí tábìlì.

“Mi ò sọ pé kó o ṣe nǹkan tí kò dáa o,” ló tún wí. “Mo kàn ní kó o ṣe iṣẹ́ rẹ.”

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ ipò yẹn burúkú-burúkú. Yàrá olórí ọ́fíìsì ṣófo láti oṣù kan. Mo ti yọ́ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, mo jókòó sórí àga náà, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo tilẹ̀ sọ “ẹ wọlé” fún ilẹ̀kùn tí ẹnì kankan ò kàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń gba èébú lójú títì fún iléeṣẹ́ yẹn.

Mo padà lọ bẹ Àǹtí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n fún mi ní oúnjẹ tí wọ́n sì ní àwọn kọ̀. Mo bẹ Ẹnjiníà pé kó jẹ́ ká dúró. Ó bi mí bóyá èmi ni màá gba àwọn àlejò lálejò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀ wá kò. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá máa ń lọ rí dókítà lóṣooṣù, láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí èmi ni mo máa ń gbé wọn wọ takisí. Lọ́jọ́ yẹn náà, mo gbé wọn pọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún wọn di ọrùn aṣọ mi mú, èémí wọn ń gbóná sí mi létí.

Àǹtí ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. “Ọlọ́run á gbé ìwọ náà, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Bá mi fojú sí ilé o.”

“Ẹ máa lọ, Àǹtí. Mo wà ńbí.”

Takisí lọ. Mo jókòó sórí àga Bàbá, mo yọ fóònù, mo tẹ “Iya ti ko”.

Mo wò ó títí. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún mi nìyí o: òótọ́ ni mo kọ. Àǹtí ti kọ̀. Wọ́n ní kí n lọ sọ pé àwọn kọ̀, mo sì sọ ọ́. Tí ẹlòmíràn bá wá kà á pé ìyá ti kó, ṣé èmi ló ń bá a kà á ni? Báyìí ni mo ṣe ń bá ara mi rojọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀ ṣáájú, “Won o gba” ni mo kọ fún wọn. “Ti ko” ni mo máa ń kọ fún àwọn tó kó. Ọkàn mi mọ̀, ọwọ́ mi sì mọ̀. Mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí èsì Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fi dé. “Oluwa a fi won lokan bale nibi tuntun o.”

Ibi tuntun. Ẹ̀yin èèyàn mi, àyè ṣì wà nígbà yẹn. Mo lè kọ “rara o” sí i. Mo lè pè é. Àtàǹpàkò mi wà lórí fóònù bíi pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí mo tẹ̀ ni “Amin”.

Mo dìde, mo lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án, fóònù dún. Òun ló ń pè. Tapólì ni wọ́n fi bo fèrèsé ilé náà, kò lè rí inú, ó ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ní òun ò gba ti ẹnu, ti ẹnu ló wá ń wá lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbé e. Fóònù lè gbé “ko” lásán, ṣùgbọ́n tí mo bá lanu, ó di dandan kí n pè é ní ọ̀kan. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i pé mo wà ní ìpàdé.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbọ́ tí ìró katapílà yí padà. Ìgbà náà ni mo mu omi tutù tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan.

Agogo kan kọjá díẹ̀ nígbà tí Àǹtí pè mí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. “Akọ̀wé, ìwọ gbọ́, awakọ̀ yìí ti ṣìnà o. Ẹ ti wó gbogbo ibí, ojú ọ̀nà ò hàn mọ́. Mò ń wò, mi ò rí ilé mi.”

Mo di fóònù mọ́ etí.

“Akọ̀wé? Jáde wá júwe fún un. Ibi tá a wà yìí, mò ń rí... mò ń rí...”

Wọ́n ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Orí rẹ̀ ló yọ jáde lábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Mi ò tíì gbọ́ irú igbe tí wọ́n ké rí, kò sì tíì kúrò létí mi títí di òní.

Nígbà tí mo fi máa sáré débẹ̀, Àǹtí ti wà lórí eékún nínú òkìtì, wọ́n ń fọwọ́ wú eruku. Oògùn Bàbá ni wọ́n ń wá. Bàbá wà nínú takisí, wọn ò lè dá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá fèrèsé ọkọ̀. Àwọn tírélà tó ń kọjá ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí katapílà, ó ṣí akoto.

“Akọ̀wé, o ní wọ́n ti kó.”

Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Àǹtí náà gbójú sókè nínú eruku.

“Mo ní wọ́n ti kọ̀,” ni mo wí.

Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe jáde lẹ́nu mi láìgbọ̀n. Mo na fóònù mi síta kí wọ́n rí i. “Ẹ wò ó. Ìyá ti kọ̀. Ẹ̀yin lẹ kà á sí nǹkan míì.”

Ẹnjiníà bi í léèrè ìwé ìfọwọ́sí. Kò ní ìwé, torí a ò lo ìwé láàrin ara wa rí. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo akoto ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Àǹtí dì mọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, wọ́n dì mọ́ mi. “O sọ fún wọn,” ni wọ́n ń tún wí, “o sọ fún wọn pé mo kọ̀, wọn ò gbọ́.” Mo pa ojú dé lórí èjìká wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa mẹ́rin gbé Bàbá lórí àga gun àjà kẹta. Èmi ló di ẹsẹ̀ àga iwájú mú. Yàrá náà mọ́ lóòótọ́. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, tó jẹ́ pé ògiri nìkan lẹ lè máa wò níbẹ̀. Bàbá wo ògiri náà, wọ́n wò mí.

Àwọn àlejò dé. Ọ̀nà tẹ́ lọ gbọrọgbọrọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Orí ibi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní èmi ni mo bá aráàlú sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo di olórí ọ́fíìsì. Mo jókòó sórí àga yẹn. Ẹ̀yìn ń dùn mí lórí rẹ̀, mi ò mọ ohun tó fà á.

Ohun tó tún burú ju èyí tí mo ti sọ lọ nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, yàrá ìsàlẹ̀ parí. Ẹnì kan mú orúkọ àwọn tó ń dúró dè é wá sórí tábìlì mi. Kò sí orúkọ Àǹtí níbẹ̀, torí nínú ìwé tí a kọ ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ kí àwọn àlejò tó dé, ilé kọkànlélọ́gọ́ta ti fọwọ́ sí àjà kẹta, wọ́n sì ti kó síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí mo bá fi orúkọ wọn kún un, olú iléeṣẹ́ máa bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n kọ̀ ọ́. Mo mú bírò, mo fi yàrá náà fún ẹlòmíràn.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó jókòó sí ẹnu àga bí ẹni tó wá wáṣẹ́.

“Akọ̀wé, mò ń rò ó, mò ń rò ó. Ṣé èmi ni mo kà á sódì lóòótọ́? Ogún ọdún, mi ò wó ilé lé ẹrù ẹnikẹ́ni lórí rí. Ìyàwó mi ní bóyá ojú mi ti ń bà jẹ́. Mo ti lọ ra gíláàsì.”

Ó yọ ọ́ láti inú àpò kí n rí i. Gíláàsì tuntun ni.

“Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù, ẹ̀gbọ́n,” ni mo sọ fún un. “Ọ̀rọ̀ tí kò lámì ni. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́!

Àwọn awakọ̀ tírélà ni kò gbà. Wọ́n wá Bàbá tì lójú ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pa ọkọ̀ sórí ọ̀nà tuntun náà, wọ́n ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì-mejì títí ariwo fi gba gbogbo èbúté kan. Olú iléeṣẹ́ rán àgbàlagbà kan wá láti gbọ́ ẹjọ́. Alága ni gbogbo wa ń pè é.

A pàdé nínú yàrá ìpàdé. Ẹnjiníà wà níbẹ̀, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, Àǹtí sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n fúnra wọn yàn.

Alága mú ìwé tí mo tẹ̀ jáde fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn nìkan ni mo tẹ̀ sí i. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. “Iya ti ko. Kọ̀, kó, kọ, mẹ́ta ló lè jẹ́. Akọ̀wé, èwo lo kọ?”

“Kọ̀ ni, sà.”

“Jẹ́jẹ́, èwo lẹ kà?”

“Kó ni mo kà, sà. Bóyá... bóyá mo kánjú ni, sà.”

Alága mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro, ẹni tó wó ilé láìrí ìwé ló jẹ̀bi. Ó ti mú bírò lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Àǹtí ló sọ̀rọ̀. “Mo bá ọkùnrin yìí bínú gan-an ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé mi ni wọ́n wó. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó rí. Kì í ṣe ti inú ìwé, ti inú fóònù tirẹ̀.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wá a jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn.

Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ìka fa ọ̀rọ̀ náà sókè, wọ́n fà á sísàlẹ̀. Mo rí i tí ìka wọn dúró.

“Akọ̀wé.”

“Mà.”

“Ojú mi ò gbé e dáadáa. Bá mi ka èyí tó wà lábẹ́ tìrẹ yìí.”

Mo kà á. “Olúwa á fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ níbi tuntun o.”

“Jẹ́jẹ́ ló kọ ìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀?”

Mò ń wo fóònù náà bíi pé ó lè kú sí mi lọ́wọ́.

“Kà á, Akọ̀wé.”

“Àmín.”

“Ta ló ṣe Àmín?”

“Èmi ni, mà.”

Wọ́n yíjú sí mi pátápátá. Wọn ò pariwo. Ó dà bí ẹni tó ń bi ọmọ léèrè ibi tó ti ń bọ̀. “Mo kọ̀, o mọ̀ pé mo kọ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí báàgì níṣojú rẹ, mo ní kó o bá mi fojú sí ilé. Ibi tuntun wo lo wá ṣe Àmín sí?”

Mo lanu. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ka èsì náà dáadáa, pé mo kàn ń ṣe Àmín bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹnu mi ò gbà fún mi.

“Kó ni, mà,” ni mo wí. “Kó ló wà lọ́kàn mi.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bọ́ gíláàsì náà kúrò lójú, ó gbé e sórí tábìlì, ó bú sẹ́kún. Àǹtí gbé àga wọn. Wọ́n gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, wọ́n sì jókòó.

Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Wọ́n dá Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ padà sórí katapílà, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ní ti yàrá ìsàlẹ̀, kò ṣófo mọ́. Ẹni tí mo fún ti kó wọlé pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, Àǹtí ló sì ní kí wọ́n má lé wọn jáde nítorí òun.

Bàbá ò tíì sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ tí a gbé wọn gòkè. Dókítà ló ń gòkè tọ̀ wọ́n lọ báyìí. Ọ̀nà èbúté dáa gan-an ní tòótọ́. Tírélà tó ń lo ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kì í lo wákàtí kan mọ́, èmi náà máa ń gbà á lọ síbi iṣẹ́ tuntun mi, níbi tí mo ti ń ru ẹrù. Mo gbọ́ pé Bàbá máa ń na ọwọ́ ọ̀tún sókè nígbà míì, níwájú ògiri yẹn, tí fèrè bá dún lókèèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti gbọ́ ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀, mi ò ní fi sùúrù yín ṣeré. Òótọ́ lè jẹ́ irọ́ tó burú jù tí ẹni tó sọ ọ́ bá mọ bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ. Èmi ti san tèmi, mo sì ń san án lọ́wọ́.

Oṣù márùn-ún ni mi ò fi lè lọ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun àtẹ̀gùn náà. Mo dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé òkè. Mo kan ilẹ̀kùn. Àǹtí ló ṣí i. Wọ́n ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú wọn.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ni wọ́n wí.

Mo rò pé wọn ò rí mi dáadáa ni. “Àǹtí, èmi ni. Akọ̀wé ni.”

“Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí. Ṣé iléeṣẹ́ ló rán yín ni?”

Wọ́n bú mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n nà mí rí. Wọn ò pè mí ní “ẹ” rí láyé. Ẹni tó pọ̀n mí, tó wẹ̀ mí, tó fi ahọ́n tọ́ oúnjẹ wò kó tó fún mi, ló ń pè mí ní “ẹ” bí àlejò.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá mi létí. Ẹ ṣépè fún mi. Ẹ kàn má pè mí bẹ́ẹ̀.”

“Háà, èmi? Rárá o. Mo ti dárí jì yín, sà. Ó ti pẹ́.” Wọ́n di etí ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń tì í díẹ̀díẹ̀ kó má baà pariwo, torí Bàbá ń sùn. “Ẹ rọra máa sọ̀kalẹ̀ o, sà. Àtẹ̀gùn yẹn ga.”